Kí A Wo Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Kí A Tó Mú Ọ̀bẹ

Ẹ̀kọ́ kíkà wa ti òní dá lórí pẹ́pẹ́yẹ tó fi ẹsẹ̀ pa. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín kó ní, "Kí ni pẹ́pẹ́yẹ ń wá nínú ìwé?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, àti ní àwọn abúlé tó yí wa ká títí dé Ìgólò ní ẹnubodè, kò ṣòro láti rí agbo ilé tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Ó ń mi ìdí kiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa èérún oúnjẹ, ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, gbólóhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: "Ẹ pa á kó tó kú." Ọ̀bẹ á ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ náà.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ kí a tó mú ọ̀bẹ. N kò sọ pé kí a má pa pẹ́pẹ́yẹ jẹ. Ẹran ni, èmi náà sì ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ tí à ń torí rẹ̀ pa pẹ́pẹ́yẹ ni ì bá san láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, láìná owó rẹpẹtẹ. Mo sì tún ń sọ pé ọwọ́ àwa fúnra wa ni ìpalára náà ti sábà máa ń wá.

Iye tí pẹ́pẹ́yẹ ní

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni èyí tó ní ẹran pupa lójú, tí akọ rẹ̀ kì í ké, tó kàn máa ń mí hà-hà bí inú bá ń bí i. Kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gúúsù àti Àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sìn ín kí àwọn òyìnbó tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kiri ayé. Lónìí, ó ti di ará ilé wa.

Adìẹ ń sàba fún ọjọ́ 21 kí ẹyin rẹ̀ tó pa. Pẹ́pẹ́yẹ wa yìí ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko nìyẹn kí ọmọ kan tó yọ. Lẹ́yìn náà, oṣù bíi mélòó kan tún kọjá kí ọmọ náà tó dàgbà. Abo tó ti gbó lè wọn kilo 2 sí 3. Akọ lè tó kilo 4 tàbí 5.

Abo tó ti mọ ilé, tó mọ bí a ti ń sàba, tó sì mọ bí a ti ń kó ọmọ, ó ju ọbẹ̀ ọjọ́ kan lọ. Òun ni owó ìwé ọmọ. Òun ni owó tí ìyá ilé ń rí mú nígbà tí àìsàn bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá pa á nítorí ẹsẹ̀ tó kàn rọ́, ẹ jẹ ẹran lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì pàdánù gbogbo ọmọ tí ì bá tún pa. Ta ni yóò gé igi ọ̀pẹ tó ń so lulẹ̀ nítorí pé imọ̀ kan gbẹ lórí rẹ̀?

Pẹ́pẹ́yẹ mìíràn sì wà tí kì í ṣe ti títà rárá. Ti ọmọ ni. Ọmọ náà ló tọ́ ọ láti kékeré, ó sọ ọ́ lórúkọ, bó bá sì ti ilé ìwé dé, ẹyẹ náà á sáré pàdé rẹ̀.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa bá mi sọ ọ̀rọ̀ irú pẹ́pẹ́yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, ọmọ mi kò jẹun láti àná. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n pa pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ tó ń tiro. Ṣé pẹ́pẹ́yẹ ló yẹ kó da ilé rú?"

Mo bi í léèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ náà?"

Ó ní, "Rárá o. Kí la fẹ́ wò níbẹ̀?"

A lọ wò ó. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan ló wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn náà ti wọ inú awọ, ẹsẹ̀ sì ti wú bò ó. Ìyá náà fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, ó gé okùn náà kúrò, ó sì ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà lójoojúmọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyẹ náà tún fi ń sáré tẹ̀ lé ọmọ náà. Okùn lásán ni ì bá jẹ́ ikú rẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀

Àwọn kan ń sọ pé ẹsẹ̀ ẹyẹ tó bá ti ṣẹ́ kì í san mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ohun tí àwọn baba wa mọ̀ mu.

Láti ìgbà láéláé ni àwọn oníṣègùn tó ń to eegun ti wà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì wà títí di òní. Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Bí wọ́n bá ń tọ́jú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n á mú adìẹ kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Wọ́n á to eegun adìẹ náà, wọ́n á sì dì í bí wọ́n ti di ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ tó sì rìn, wọ́n á ní ó ti tó àkókò láti tú igi kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn.

N kò fara mọ́ kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Adìẹ kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye fún ènìyàn, nítorí eegun ẹyẹ máa ń tètè so ju eegun àgbàlagbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Bí eegun ẹyẹ kì í bá so, ta ni yóò fi adìẹ ṣe àmì ìwòsàn? Àwọn baba wa mọ̀ pé bí a bá tò ó, tí a dì í, tí a sì jẹ́ kó sinmi, ẹsẹ̀ ẹyẹ ń jinná. Kí ló dé tí àwa fi gbàgbé?

Ibi tí ìpalára ti ń wá

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ẹ wo bí a ti ń gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ sọ́jà. A ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, a ó dorí rẹ̀ kodò, a ó fi kọ́ apá kẹ̀kẹ́ zémì. Kẹ̀kẹ́ á bọ́ sínú kòtò, á tún jáde. Gbogbo ìwúwo ẹyẹ náà, kilo 3, kilo 4, ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì yẹn ló ń gbé e. Bó bá dé ọjà, a ó jù ú sílẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú okùn náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹni tó rà á bá délé tó tú u, tó rí i pé kò lè dúró, yóò ní wọ́n ta aláìsàn fún òun.

Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kúrú, ara rẹ̀ sì wúwo. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń dì í mú rárá. Bí a bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lójijì, oríkèé lè yẹ̀, eegun sì lè ṣẹ́.

Okùn ilé náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí a bá ra ẹyẹ tuntun, a máa ń so ó mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ. Àwọn àgbà ní, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti pẹ́pẹ́yẹ tí a so. Ó ń fà, okùn ń gé e. Àgò tàbí ọgbà kékeré fún ọjọ́ mélòó kan sàn ju okùn lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà: èéfọ́ ìgò, ìṣó, ẹ̀gún, òkò tí ọmọdé sọ, ilẹ̀kùn tó ṣe é ní há, ilẹ̀ símẹ́ńtì líle tó ń bó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn ọ̀rá àti òwú tí a ń dà sí ẹ̀yìnkùlé náà ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Púpọ̀ nínú èyí ni ọwọ́ wa lè dí lọ́nà bí a bá gbálẹ̀.

Bí a ṣe ń wo ẹsẹ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má lé ẹyẹ tó ń tiro kiri agbo ilé. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti wọlé. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ mú, kí ìyẹ́ apá rẹ̀ wà ní pípadé. Ẹ má di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ má sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ ṣọ́ra fún èékánná rẹ̀, ó mú. Bó bá ń jà, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀, yóò fara balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, èyí tó dá àti èyí tó ń dùn ún. Ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

Ṣé okùn tàbí òwú wé mọ́ ọn?
Ṣé ẹ̀gún tàbí èéfọ́ wà láàrin ọmọ ìka rẹ̀ tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀?
Ṣé ó wú? Ṣé ó gbóná ju èkejì lọ?
Ṣé kókó dúdú líle wà ní àtẹ́lẹsẹ̀?
Ṣé ẹsẹ̀ náà tẹ̀ sí ibi tí kò yẹ kó tẹ̀ sí?
Ṣé eegun yọ síta?

Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ìtọ́jú tí a lè ṣe nílé

Bó bá jẹ́ okùn ni, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, kí ẹ rọra fi àlùmọ́gàjí kékeré gé e. Ẹ má fà á.

Bó bá jẹ́ egbò ni, ẹ sè omi, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan sínú ìdajì lítà omi náà. Kí iyọ̀ náà dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, kó má ṣe ga bí òkìtì. Ẹ fi wẹ egbò náà, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ lè fi oyin ògidì díẹ̀ sí i, tàbí oògùn egbò tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ máa pààrọ̀ aṣọ náà lójoojúmọ́. Ẹ má da epo òyìnbó sí i. Ẹ má da bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ sí i. Ẹ má fi ẹ̀dú inú bátìrì sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń jó awọ, wọ́n sì ń ba ara jẹ́.

Bó bá jẹ́ kókó dúdú ni ẹ rí ní àtẹ́lẹsẹ̀, kòkòrò àìsàn ti gba ibi tó bó wọlé. Ẹ fi ẹsẹ̀ náà sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi abẹ gé e jìn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, nítorí kòkòrò yẹn lè wọ egbò ènìyàn.

Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kàn rọ́, tó wú díẹ̀, tí kò sí egbò, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi í sínú àgò tàbí apẹ̀rẹ̀ ńlá tí a tẹ́ koríko sí, níbi tí òjò àti oòrùn kò ti lè bá a. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sún mọ́ ọn kó má baà máa rìn. Ẹ jẹ́ kó máa rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pẹ́pẹ́yẹ kì í fẹ́ dá wà. Ẹ sì jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ nínú ọpọ́n ńlá tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lóòjọ́. Omi á gbé ara rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa mì láìru ẹrù. Kó gbẹ dáadáa kí alẹ́ tó lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sábà máa ń tó.

Bó bá jẹ́ eegun tín-ín-rín tó wà lókè ọmọ ìka ló ṣẹ́, tí kò yọ síta, a lè dì í. Ẹ fi òwú wé e ká. Ẹ la oparun pẹlẹbẹ méjì tó fúyẹ́, kí ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Kó má le jù. Ẹ máa wo ọmọ ìka rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá wú tàbí tí wọ́n tutù, ẹ dẹ̀ ẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ itan ni, tàbí oríkèé, ẹ má dì í fúnra yín. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ wá dókítà ẹran.

Ẹsẹ̀ tó rọ nítorí oúnjẹ

Nígbà mìíràn, kò sí egbò, kò sí ohun tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀, kò lè dìde. Oúnjẹ ló lè fà á. Ohun kan wà nínú oúnjẹ tó ń mú ẹsẹ̀ le, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní niacin. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò rẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ adìẹ nílò. Àgbàdo nìkan kò lè fún un tó. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti gàrí nìkan kò lè fún un tó.

Ẹ máa fi kúlíkúlí lílọ̀ sí i, tàbí ẹja wẹ́wẹ́, tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ọkà bàbà tí kò tíì kan jù. Ẹ fi ewé tútù kún un, kí ẹ sì jẹ́ kó máa jẹ kòkòrò inú koríko. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí a bá tètè fún ní oúnjẹ tó dára máa ń dìde. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ títí láé.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra kápúsù lórí àtẹ ọjà kí ẹ sì dà á sí ọ̀fun pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin gbógun ti àwọn tó ń ta oògùn ayédèrú lọ́jà, nítorí ewu tó ń ṣe fún ènìyàn. Ohun tó léwu fún ènìyàn kò lè di ìwòsàn nítorí pé a fún ẹyẹ.

Bí dókítà ẹran bá fún un ní oògùn, ẹ bi í pé: ọjọ́ mélòó ni a kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹran rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀? Ẹ mú ìwé àjákọ yín jáde. Ẹ kọ ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ pa, ọjọ́ tó gba oògùn, orúkọ oògùn náà, àti ọjọ́ tí ẹ lè jẹ ẹyin rẹ̀. Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé nìyí. Kì í ṣe orúkọ wa nìkan la fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ.

Ìgbà tó ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ

Ẹyẹ kan tó ń tiro, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ mẹ́ta, mẹ́rin bá rọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tàbí tí wọ́n ń yí ọrùn, tí wọ́n ń ṣu omi, tí wọ́n ń kú, àìsàn ló wọ ilé. Adìẹ tí lúkúlúkú bá mú lè rọ lẹ́sẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó mu omi adágún tí òkú ẹran ti jẹrà sí náà lè rọ lẹ́sẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ tún wá rọ. Ní ọdún 2007, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2021, àìsàn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní grippe aviaire ní èdè Faransé wọ orílẹ̀-èdè Benin. Èyí lè ran ènìyàn.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má pa wọ́n jẹ, ẹ má sì sáré kó wọn lọ tà lọ́jà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran kíákíá. Ẹ rí i pé "ẹ pa á kó tó kú" lè ṣe ilé ní jàǹbá. Ẹni tó wo ẹyẹ rẹ̀ dáadáa kí ó tó mú ọ̀bẹ ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àìsàn.

Ìdáhùn mi fún àwọn tí kò gbà

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà. Ẹ ó ní, "Àwa tí a kò rí owó tọ́jú ènìyàn tán, ṣé pẹ́pẹ́yẹ la fẹ́ wá máa tọ́jú?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo dárúkọ: omi, iyọ̀, àkísà mímọ́, oparun, apẹ̀rẹ̀, koríko gbígbẹ. Kò sí èyí tí kò sí nílé nínú wọn. Sùúrù ló kù.

Ẹlòmíràn á ní, "Pẹ́pẹ́yẹ arọ kò níye lórí lọ́jà." Bẹ́ẹ̀ ni, iye rẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n abo tó ń tiro díẹ̀ ṣì lè yé, ó ṣì lè sàba.

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹran ò mọ nǹkan." Ẹ rántí òwe wa: ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bó ṣe ń dunni. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ẹyẹ ń mọ ìrora. Ọmọ tó bá rí wa tí à ń fi sùúrù di ẹsẹ̀ ẹyẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ wa. Èyí tó rí wa tí à ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Mo gbà pé ìgbà kan wà tí ọ̀bẹ tọ́. Bí eegun bá yọ síta tí kò sí dókítà nítòsí, tàbí tí ẹsẹ̀ ti dúdú tó ń rùn, tàbí tí ẹyẹ kò jẹ, tí kò mu, tó kàn ń jẹ̀rora, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ìyà. Pípa á kíákíá ni àánú nígbà náà. Èyí tí ara rẹ̀ ti ń rà tàbí tó ń gba oògùn lọ́wọ́, ẹ sin ín, ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ yẹn wá lẹ́yìn tí a ti wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, bí a bá ń gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ sọ́jà, kí a gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àgò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ sọ fún àwọn oní-zémì pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ tú okùn kúrò lẹ́sẹ̀ èyí tó wà nílé. Ẹ ṣa okùn ọ̀rá àti èéfọ́ ìgò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ọ̀kan bá sì ń tiro, ẹ tan iná, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó sọ pé ó di ẹran ọbẹ̀.

Ẹ jíròrò èyí ní kíláàsì

1. Báwo ni ẹ ṣe ń gbé ẹyẹ lọ sọ́jà ní abúlé yín? Kí ni ẹ lè yí padà?
2. Àwọn nǹkan wo ni kò yẹ kí a fi sí egbò ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ? Kí ló dé?
3. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ó kọ́kọ́ wò bí pẹ́pẹ́yẹ yín bá ń tiro.
4. Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú olùkọ́ tó kọ èyí? Bí ẹ kò bá gbà, ẹ sọ ìdí rẹ̀.